Wá Bá Mi Tọ́ Ọbẹ̀ Wò

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ìdí tábìlì ìlọṣọ ni mo ti ń kí yín, torí ibẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Gbogbo aṣọ ibùsùn tí àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì sùn lé lórí lánàá ló wà níwájú mi, ọ̀gá wa sì ti lọ jẹun. Mo ní kí n sáré kọ díẹ̀ sí yín kó tó dé.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí n ò pè yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé fóònù máa ń mú kí ẹ gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn mi, "ó dáa, ó dáa" nìkan ló máa ń kù lẹ́nu yín. Lẹ́tà sàn jù. Ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, tó bá sì wù yín, ẹ lè bá a jà.

Àlàáfíà la wà. Bàbá àwọn ọmọ ṣì ń ṣe búrẹ́dì níbi iṣẹ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, oorun á ti kún ojú rẹ̀. Ọ̀gá ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ọ̀gá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí bó ṣe máa ń fi igbe pàṣẹ fún gbogbo ilé. Kò tíì fi oyè náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọmọ yẹn ń sáré, Màámi! Asáré ni gbogbo wa ń pè é báyìí. Ó ti wọ ẹgbẹ́ eléré sísá ilé ìwé wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń lọ sí pápá, torí kóòṣì wọn níṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án. Láti ilé ìwé ló ń gba ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó délé.

Ní ti oúnjẹ, kí ọkàn yín balẹ̀. N ò gbàgbé ilé tí mo ti wá. Òfin Bàámi ni mò ń lò níbí: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwo àfi tí gbogbo wa bá pé. Àwọn ará ibí, oníkálukú ló ń jẹ tiẹ̀ bó bá ṣe dé. Ẹnìkan á wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹnìkan á wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Èmi ò gbà. Bí ẹ ṣe máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ nígbà tí Bàámi bá fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tó wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń dúró de Asáré. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé gbogbo wa la máa ń dúró de bàbá àgbà wọn, ebi ò sì pa wá kú. Mo tún máa ń fi yangàn fún wọn pé èmi ni atọ́bẹ̀wò yín. "Wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò, bóyá iyọ̀ ẹ̀ tó." Nínú gbogbo ilé, ahọ́n tèmi nìkan lẹ fọkàn tán!

Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé Ọ̀gá máa ń sùn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé. A ó jí i, á jẹ ẹnu méjì mẹ́ta, á tún sùn sórí àwo. Asáré náà, tó bá fi máa dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó jẹun lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣàdédé jókòó sílẹ̀ láàárín pápá, ó ní ojú òun ń ṣú. Kóòṣì pè mí, ó ní ebi ló ń pa ọmọ náà. Ó bí mi nínú díẹ̀. Mo ní, ebi báwo? Bí ìyá mi ṣe bọ́ wa gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń bọ́ wọn.

Màámi, kí ni kí n ṣe? Ẹ dá sí i fún mi. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ti ń bọ̀, mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ kíkí rẹ. Ara mi le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà le, òun ló tiẹ̀ le jù mí lọ, torí òun ò ní orúnkún. Aṣọ ilé ìwé ló kún ṣọ́ọ̀bù báyìí, àwọn òbí ò sì mọ̀ ju "ṣé ó ti yá" lọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí o ṣe wí, mo sì bá a jà.

"Ebi ò sì pa wá kú." Ìwọ lo kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. O ṣeun. Gbogbo ọdún tí mo fi dúró ti iná, tí mo ń fi ọwọ́ kan ránṣọ, tí mo ń fi ọwọ́ kejì ro ọbẹ̀, ohun tí o rí sọ fún àwọn ọmọ rẹ níbẹ̀ náà ni pé ebi ò pa yín kú. Èyí ò tó. Àjèjì tún sọ pé ebi ń pa ọmọ rẹ, o sì nàka sí mi láti òkèèrè: bí ìyá mi ṣe bọ́ wa nìyẹn! Kóòṣì tí n ò rí rí, tí kò rí mi rí, ó ti wá mọ̀ mí báyìí. Ẹ kú ìpolówó mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ìwọ, ebi lo rí kó lọ.

Ní ti eré sísá, ta ló ń lé ọmọ náà? Oòrùn ti wọ̀, adìẹ ti wọlé, ọmọ ẹni ṣì ń yí pápá po. Ibi tó ti gbéra náà ló sì máa ń pa dà sí, kò lọ ibì kankan. Eré tí kì í jẹ́ kí ọmọ jẹun, kí ni èrè ẹ̀? Mú un kúrò níbẹ̀. Kó wálé, kó jẹun, kó sùn. Mo ti sọ tèmi.

Wọn ìbàdí ọmọ náà fún mi. Má fi nọ́ńbà ránṣẹ́, téèpù yín tibẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Gé okùn bó ṣe yí i po gẹ́lẹ́, kí o fi sínú lẹ́tà. Síkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ rán fún un. Inú tó ń bí mi sí ọ ò kan ọmọ.

Kí ọkọ rẹ. Kí Ọ̀gá. Sọ fún un pé mo ní kó má sùn sórí àwo mọ́, ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó bọ́ ọ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ o, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo sì wà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́nu ọ̀nà kí n tó bọ́ bàtà. Mo tún kà á nílé ìdáná. N ò mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ yín. Èmi tí mo ń yìn yín! Mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín ni, tí ẹ ó sì ní "ọmọ mi ò gbàgbé ilé."

Ẹ ní kí n mú Asáré kúrò nínú eré. Màámi, n ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibí, ọmọ yẹn ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Tí mo bá lọ mú un nílé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń bá a, òun nìkan, tó ń fi bàtà gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni wọ́n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní báyìí, láti òdì kejì títì ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n sì ti yàn án fún ìdíje kan tó ń bọ̀ lóṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó ń fò nínú yàrá títí aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi fi igi ìgbálẹ̀ gbá òkè àjà rẹ̀ pé kí a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n kóòṣì ti sọ ọ́ kedere: tí ojú ọmọ náà bá tún ṣú lórí pápá, kò ní sáré níbi ìdíje náà. Mo ń se oúnjẹ púpọ̀ sí i, kò ràn án. Bàbá wọn ní kí n máa bu fún àwọn ọmọ ṣáájú. Mo kọ̀ jálẹ̀. Òfin Bàámi nìkan ni mo rí kó wọ bàálù wá síbí, n ò fẹ́ kó bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Okùn ìbàdí rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpò sí i.

Mo pe fóònù yín lọ́jọ́ ìsinmi. Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín ló gbé e. Ó ní ẹ ń fi ọwọ́ sí aṣọ lọ́wọ́, pé ẹ máa pè mí pa dà. Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀, Màámi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sì pè.

Ẹ dákun, ẹ fèsì.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ dákẹ́ lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí lẹ́tà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò yìí ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lókèèrè, á kàn mi orí.

Mo mọ ohun tí mo ṣe báyìí. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tó yẹ kó wà ní pápá, Asáré bá mi délé kí oòrùn tó wọ̀. Mo ní ṣé kò sí eré lónìí ni? Ó ní kò sí. Ó bá mi to àwo, a jẹun ní ojúmọmọ. Ọ̀gá jẹ tiẹ̀ tán, ó ní kí n bu sí i. Bàbá wọn náà jẹun tán, ó ń kọrin. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ọjọ́ eré mìíràn tún pé, ó tún bá mi délé. Mo tún gbà bẹ́ẹ̀.

Àfi bí mo ṣe rí Ọ̀gá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàtà eré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bàtà tó fẹ̀ jù ú lọ, tó ń wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń rìn. Mo ní, ta ló fún ẹ? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi ta òun lọ́rẹ. Ó ní, "Ó ti fi eré sílẹ̀, Mọ́mì. Ó ní ebi ò ní máa pa mí torí òun mọ́."

Màámi, mo lọ bá ọmọ náà nínú yàrá. Mo ní, ṣé òótọ́ ni? Ó ní kò sí nǹkan kan, eré ti sú òun ni. Ó wo ojú mi bó ṣe ń parọ́ náà, ó tiẹ̀ tún rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ń tọ́jú mi, bí ẹni pé èmi lọmọ. Nígbà tí mo débi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́ kí èéfín áyọ́ọ̀nù bò mí lójú, mo sì sunkún dáadáa.

Bàbá wọn ní, "Jẹ́ ká máa jẹun, kí ọmọ máa lọ sáré." Mo ní ṣé ilé bàbá mi ló fẹ́ tú. Ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó bi mí pé, "Kí lo tiẹ̀ kọ sí Màmá gan-an?" Mo kà á fún un bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ọkùnrin náà fara ti ògiri, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Ó ní, "Háà! O sọ fún ìyá rẹ pé ebi ò pa yín kú? O sì tún fi í ṣe ẹlẹ́rìí níwájú kóòṣì?" Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Mo ti ń yìn yín láti oṣù Kejì, èébú ni mò ń kọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ foríjì mí. Kò sí ọjọ́ kan tí ebi pa mí nílé yín, ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. A máa ń dúró de Bàámi, ilẹ̀ á ṣú, ebi ò sì ní pa mí. Àwọn ọmọ tèmi ń dúró, ebi ń pa wọ́n. Ìdíje náà ò ní pẹ́ dé. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ bá mi dáhùn torí ọmọ tó fi bàtà rẹ̀ tọrẹ.

Ọmọ yín, tí kò mọ lẹ́tà kọ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi, atọ́bẹ̀wò mi,

Dìde lórí ìkúnlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn tutù.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹta dé, n kò ṣí i. Inú ń bí mi. Mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ, mo ní kó máa gbọ́ ariwo ńbẹ̀. Ìgbà tí èkejì dé ni mo ṣí méjèèjì pọ̀, okùn sì jábọ́ láti inú ti àkọ́kọ́. Síkẹ́ẹ̀tì kan wà lórí ẹ̀rọ mi, ti ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé. Mo mú okùn náà, mo fi yí i po. Ó ṣe rẹ́gí. Ọmọ tí kò tíì mọ á-bí-dí, òun àti Asáré, ìbàdí kan náà! Mo jókòó, mo sunkún títí onídìrí fi sáré wọlé tòun ti kọ́ńbù lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí mò ń bínú sí ọ, okùn yẹn wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń dúró dè mí. Ó dùn mí gan-an.

Ó ti tó. O ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ó dáa. Èyí tó fọ́ yìí, a ó dín in jẹ.

Wàyí o, fetí sílẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé o dúró de bàbá rẹ rí? Ìwọ ọmọ yìí, o ò dúró de ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ. O ti yó! Ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń fi odidi abọ́ ìrẹsì tọ́ wò? Iyọ̀ wo ni wọ́n ń torí ẹ̀ bó ẹyin síwájú ọmọ? Ọmọ tí kì í jókòó jẹun ni ọ́. Tí mo bá ní kí o wá jẹun, wàá ní o ń bọ̀, o ò ní wá. Tí mo bá ní "wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò", wàá sáré dé. Wàá jókòó lórí àpótí ìdáná bí ìyá ọba. Màá ní, "Ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?" Wàá ní, "Kò tíì dá mi lójú, Màámi, ẹ jẹ́ kí n tún tọ́ ọ." Bí o ṣe ń jẹun alẹ́ rẹ nìyẹn, lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rò pé o ti dàgbà, o sì ti mọ̀. Mi ò mọ̀ pé o kó ìtàn náà sọdá òkun bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ńkọ́, tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù títí ojú ò fi ní ríran mọ́? Kó tó lọ, màá ti fún un ní ìrẹsì, kò ní pọ̀ jù, kó má baà máa sáré kó máa fọwọ́ di ikùn mú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Tó bá dé, á gba abọ́ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, á máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń bọ́ bàtà. Ohun tí gbogbo wa ń jẹ tí bàbá yín bá wọlé, àtúnjẹ ni. Ẹnu díẹ̀ díẹ̀ ni, kí bàbá yín lè rí ẹni bá jẹun.

Awakọ̀ ni bàbá rẹ. Ó máa ń sọ pé gbogbo ọ̀nà lòun ti ń dá jẹun, pé tí òun bá délé, òun ò fẹ́ dá jẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù ò mọ ìgbà tí ebi ń pa ọmọdé. Mo fi ẹnu gba òfin náà, mo sì ń bọ́ yín nílé ìdáná. Mo rò pé kò mọ̀.

Ṣé o rántí ikọ́ rẹ̀? Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á máa wúkọ́. Mo máa ń ní eruku ọ̀nà ni. Mo máa ń bu oyin sínú omi gbígbóná dè é. Ìgbà tó bá ń wúkọ́ yẹn ni mo máa ń sáré nu epo lẹ́nu rẹ, tí màá kó abọ́ pamọ́. Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀. Bàbá rẹ dúró síta, ó ń wúkọ́. Mo nu ẹnu rẹ tán, ó ṣì ń wúkọ́. Nígbà tó wọlé, gbogbo aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?" Ó ní, "Ṣé ọmọkùnrin yẹn ti jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán?"

Ẹnu yà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ nu orí, ó jókòó. Ẹ yí i ká, ẹ ń jẹun bí ẹni tí kò tíì jẹ láti àárọ̀. Kò sí eruku kankan nínú ikọ́ yẹn. Ó ń fún wa láyè ni. A ò sì sọ ọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nítorí náà, òfin bàbá rẹ ò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹnikẹ́ni má dá jẹun ló sọ. Kò bá ebi dá òwò pọ̀. Máa di oúnjẹ fún Asáré kó jẹ ẹ́ bí ilé ìwé bá ti jáde, kí ó ti dà kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ìrẹsì, ẹyin, ohun tí kò wúwo. Fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò rẹ̀. Bu fún Ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́. Bu fún ọkọ rẹ náà, jọ̀ọ́! Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì fún odindi ìlú, tí ebi ń pa nílé ara rẹ̀, ìtìjú ni fún wa. Tí Asáré bá wá dé, kí gbogbo yín jókòó tì í. Kí ó jẹ ẹ̀wà tàbí ẹja, kí ẹ̀yin fi ẹnu díẹ̀ bá a lọ́wọ́ sí i.

Kí o sì gba bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá. Mo ti ní kó má sáré mọ́, mo ti gbà á pa dà. Kó máa sá a lọ.

Síkẹ́ẹ̀tì ti di ṣòkòtò eré. Mo fi àpò sí i. Rọ́bà ni mo fi sí ìbàdí rẹ̀, kó lè máa fẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń sanra.

Èmi náà ń dá jẹun báyìí o, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mò ń jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún

Màmá àgbà,

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, torí n ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé. Mo kúnlẹ̀. Mọ́mì ní kí n kọ ọ́ fúnra mi, òun ò ní bá mi tún un ṣe, torí òun náà ò mọ lẹ́tà kọ.

Ẹ ṣeun fún ṣòkòtò eré mi. Ó ti dé. Àpò rẹ̀ gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ṣùgbọ́n tí mo bá ń sáré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa ń gbá mi nítan, nítorí náà mo máa ń jẹ ẹ́ ṣáájú. Mo ti gba bàtà mi lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó kọ́kọ́ ní òun ò fún mi, pé ẹni tó bá tọrẹ kì í gbà á pa dà. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbà á. Ó ní tí ó bá jẹ́ Màmá àgbà ló sọ ọ́, kò burú.

A ti sá ìdíje náà. Ẹnìkan ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, òun ló ṣe ipò kìíní. Èmi ni mo ṣe ipò kẹrin. Ojú mi ò ṣú. N ò jókòó. Nígbà tí a sá a tán, kóòṣì ní kí n lọ sinmi, mo ní kò rẹ̀ mí. Ó bi Mọ́mì pé kí ló ń fún mi jẹ. Mọ́mì ní, "Bí ìyá mi ṣe bọ́ wa gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń bọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ló wá ń sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Nílé, tí mo bá ti pápá dé, n kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá wúkọ́ dáadáa. Màá máa gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń sáré kó abọ́, tí Dádì ń sọ pé "nu ẹnu rẹ, nu ẹnu rẹ." Tí mo bá wọlé, gbogbo wọn á ti jókòó, wọ́n á ní ebi ń pa àwọn. Epo ṣì máa ń wà ní àgbọ̀n Ọ̀gá. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mọ́mì kà á fún wa pé ẹ̀yin náà ń dá jẹun nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní kò bófin mu. Nítorí náà, a ó máa pè yín ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ ìsinmi, a ó gbé fóònù sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Mọ́mì. Ẹ gbé tiyín sórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ náà, Màmá àgbà, ẹ má fọwọ́ kan àwo títí a ó fi pè.

Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ pé a pẹ́, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò dáadáa. Ẹ tọ́ ọ títí yóò fi dá yín lójú pé iyọ̀ ẹ̀ tó.

Asáré yín.